Ẹ̀kọ Tí Kò Lámì

Ọdún tí wọ́n fẹ ojú ọ̀nà ní Ìyànà Ìyẹsí ni wọ́n wó ìsọ̀ mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ta ẹ̀kọ níbẹ̀. Wọn kò yọ́ mi wó o. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀dà pupa fi wà lára páànù mi, tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ sí. Mo kà á, ó yé mi, mo sì ń ro ẹ̀kọ mi lọ. Ẹ̀bi ara mi nìyẹn.

Ìjòkó ni mo kó ìkòkò mi lọ, sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí Bàbá Fàlílù fi ń lọ ata àti àgbàdo. Àgbàlagbà ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Mùjídátù," ó ní, "ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ti fi ojú sí abẹ́ páànù yìí. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá rẹ. Lọ báàfù àgbàdo méjì nínú ẹ̀rọ mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Jímọ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn, kí ọdún yìí tó parí. Tó o bá ṣe é, ibẹ̀ di tìrẹ. Tí ọ̀kan bá já láàárín, o tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení."

"Tó bá jẹ́ báàfù kan àti àbọ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Ṣé o ti rí àbọ̀ ẹ̀rọ rí?"

Báàfù méjì, irinwó ẹ̀kọ ni. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀kọ mi kò sì mọ ibi tí mo wọlẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ yunifásítì ló pọ̀ nínú wọn, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọ ńláńlá tó hù sí ọ̀nà Ìdírókọ̀ bí olú lẹ́yìn òjò. Ìyáàfin Morónfólú, tó ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní yunifásítì kan, ló wá mi débẹ̀, tí bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wa. Gbogbo wa la jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀. Kì í kúkú ṣe iṣẹ́ là ń ṣe níbẹ̀."

"Kí ni mo máa kọ?"

"Ohun tí ẹ ní."

Ó fún mi ní àdírẹ́sì ènìyàn mẹ́tàlélógójì lórí ewé ìwé kan. Mo kọ́ ìwé kíkà fúnra mi, lára àpò ìyẹ̀fun àti ìwé ìròyìn àlòkù, mo sì mọ̀ ọ́n kọ tó ohun tí mo fẹ́ wí. Fóònù mi nìkan ni kò ní àmì ohùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo bá tẹ̀ níbẹ̀, láìdé fìlà, láìwọ bàtà ló ń jáde.

Ìyáàfin Morónfólú ní kí n kọ́kọ́ lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ kan tí ìjọ kan ṣe ní Ọ̀tà fún àwa oníṣòwò kékeré. Jabez ló kọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka ìròyìn ìjọ náà. Aṣọ rẹ̀ dára, eyín rẹ̀ funfun. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó ń gbé òwò ga ni "kọnsísítẹ́ǹsì". Kí ó tó pe ọ̀rọ̀ náà tán, mo ti lè fọ báàfù kan.

Mo na ọwọ́. "Kí nìyẹn ní èdè wa?"

"Àìyẹsẹ̀, Màmá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí ni ẹ ń tà?"

"Ẹ̀kọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ̀kọ kì í ṣe ìtàn. Ẹ má sọ ẹ̀kọ fún wọn. Ẹ sọ ìrìn àjò yín. Ẹ fi ọwọ́ kan ọkàn wọn. Ta ló fẹ́ ka lẹ́tà ẹ̀kọ?"

"Ẹni tí ebi ń pa," mo ní.

Ó kọ orúkọ gbogbo wa sílẹ̀ kí ó lè máa fi lẹ́tà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Èyí àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kejì, àwòrán méje ló wà nínú rẹ̀, òun ló sì wà nínú mẹ́fà. Ìkejì dé lẹ́yìn oṣù kan, ó fi dúpẹ́ fún sùúrù wa. Ìkẹta ní ohun ńlá ń bọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbàdo kì í gba sùúrù. Ẹ̀kọ Sátidé, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń rẹ àgbàdo rẹ̀. Jímọ̀ ni mo ń lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ, ó silẹ̀, ilẹ̀ Sátidé mọ́ mo gbé e kaná. Bí mo bá rẹ ẹ́ ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ, adìẹ ni yóò jẹ ìyókù. Nítorí náà mo gbọ́dọ̀ mọ iye kí oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó wọ̀, ìyẹn ni pé lẹ́tà mi gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé. Bí ara mi yá, bí kò yá, bí ohun tí mo fẹ́ wí dùn, bí kò dùn, ọjọ́ Ajé ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí lórí ìyẹn.

Mo pe lẹ́tà náà ní EKO OSE YI. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń kọ ibi tí mo wà sí, àti pé kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́. Òkè rẹ̀ ni mo ń kọ ìmọ̀ràn kékeré sí, nítorí ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ṣáá, bí ògì tí wọ́n rà lọ sílé kò bá jinná dáadáa. Ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí:

"Eko ti a ko ba ro daadaa, koko ni yio ni. Ti e ba n ro o, e ma fi owo sile."

Ènìyàn mẹ́rìndínlógójì dáhùn, wọ́n gba ọgọ́sàn-án ẹ̀kọ. Kò tíì tó báàfù kan. Mo ní kò burú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí mi. "E fi mi si." Mo fi wọ́n sí i. "E fi emi ati iyawo mi si." Mo fi wọ́n sí i. Láti mẹ́tàlélógójì a di igba, a di irinwó, a di ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Ẹ̀kọ kò kúrò lórí ọgọ́sàn-án. Àwọn ẹni tuntun yìí kò béèrè ẹyọ ẹ̀kọ kan. "Amin" ni wọ́n ń kọ. Ẹni kan kọ "Amin" mẹ́tàdínlógún. Èmi náà mọ àmín. A máa ń ṣe é lẹ́yìn àdúà, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ. Mo rò pé ọ̀nà ìkíni àwọn ará yunifásítì ni.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúrótoyè kọ̀wé pé: "Mama, eko ose yi kan mi pupo."

Mo lọ tọ́ omi ògì wò. Kò kan ju bó ṣe yẹ lọ, síbẹ̀ mo dà á nù. Mo kọ̀wé padà: "E ma binu. Eko mi ki i kan bee. Maa fi omiran ropo re fun yin."

Ó dáhùn: "Rara o. E je ki o maa kan mi bee."

Mo sọ fún Bàbá Fàlílù pé oníbàárà kan fẹ́ràn ẹ̀kọ kíkan.

"Mélòó ló rà?"

"Kò rà."

"Ẹnu rẹ̀ ló kan," ó ní, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Bí oṣù Kọkànlá ṣe parí nìyẹn. Jímọ̀ mẹ́rin péré ló kù kí ọdún parí, mi ò sì tíì kún báàfù méjì lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin olómi inú ọ̀rá ti wá wọn ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kí mi dáadáa. Ó tilẹ̀ bi mí bóyá màá fẹ́ bá òun fọ ike.

Ọjọ́ Ajé yẹn, mo fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èsì kan wọlé. Jabez ni:

"Iya wa owon, e jowo, e wa fun wa ni eko ni gbongan wa ni Satide yi, ago meji osan. Igba o le ogun ni awa ti a o gba eko. Ebi eko yin n pa wa."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Igba ó lé ogún, ká fi ọgọ́sàn-án kún un, irinwó geere. Mo ní ọmọ yìí ti gbọ́n. Ó ti fi ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀, ó ti wá sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Mo dáhùn: "Mo ti gbo. Se ti inu ewe ni tabi ti inu ora?"

Ó ní: "Ti ewe ni, Mama. Awon ewe lo po ju ninu wa."

Mi ò mọ ìdí tó fi ní ewé ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ewé, ewé ló fẹ́. Mo rẹ àgbàdo. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Fàlílù fi ọwọ́ tẹ́ orí báàfù méjèèjì, ó ní, "Ení."

Ní ọ̀sán Sátidé mo háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo kó kúlà mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀, ó di gbọ̀ngàn ìjọ. Wọ́n ta bánà ńlá sẹ́nu ọ̀nà: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ẸNU ÌYÁ WA, M. A. Èyí ní àmì, ó pé, lókè àti nísàlẹ̀. Mo wo àmì tó wà lórí Ọ nínú Ẹ̀KỌ́ yẹn. Ara mi sọ fún mi pé nǹkan kan ṣe.

Jabez sáré jáde. Ó wo kúlà, ó wò mí, ó rántí mi.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá ẹlẹ́kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwọn olóúnjẹ ń gbà. Ààwẹ̀ la sì ń gbà lónìí títí di aago mẹ́fà. Ta ló pè yín?"

"Ìwọ."

"Èmi kọ́, Màmá. Àlejò wa là ń dúró dè."

Mo gbé fóònù sí i lójú. Ó ka lẹ́tà ara rẹ̀. Ó kà á tán, ó tún wo kúlà.

"Ẹ̀yin ni M. Abórìṣàdé tó wà lórí ímeèlì?"

"Bàbá mi ló ń jẹ́ Abórìṣàdé. Èmi ń jẹ́ Mùjídátù. Kí ló dé tí ẹ fi kọ M. A.?"

Ó wo ilẹ̀. "A ò mọ bí a ṣe fẹ́ kọ Abórìṣàdé sára bánà nínú ilé Ọlọ́run, Màmá. A wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rò pé oyè yunifásítì ni."

Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti tẹ gbogbo lẹ́tà mi pọ̀, wọ́n sì ti fi àmì tiwọn sí i. Mo ṣí i. Gbogbo ìmọ̀ràn mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjòkó kò sí níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀rọ Fàlílù kò sí níbẹ̀, iye ẹ̀kọ kò sí níbẹ̀.

"Ìdí lẹ́tà mi dà?"

"A gé e, Màmá. A rò pé ẹnìkan ló lẹ ìpolówó mọ́ ọn. Kò bá ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà mu."

"Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà."

Mo ka èyí àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe fi àmì sí i: "Ẹ̀kọ́ tí a kò bá rò dáadáa, kókó ni yóò ní. Tí ẹ bá ń rò ó, ẹ máa fi owó sílẹ̀."

"Jabez," mo ní, "ẹ máa fi owó sílẹ̀ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìgbàkúùgbà tí a bá kà á la máa ń gbé igbá ọrẹ. Ó ti bù kún wa gan-an."

"Ẹ má fi ọwọ́ sílẹ̀ ni mo wí. Ọwọ́. Èyí tí ẹ fi mú orógùn."

Wọ́n ti ń kọrin nínú gbọ̀ngàn láti fi gba àlejò wọlé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Èmi ni mo sọ fún gbogbo wọn pé wòlíì obìnrin ni yín. Ẹ kàn sọ ohunkóhun. Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ náà ni kí ẹ sọ ọ́."

Mo wọlé. Igba ó lé ogún ni wọ́n lóòótọ́, èwe ló sì pọ̀ jù, kò purọ́ nínú ìyẹn. Ìyáàfin Morónfólú jókòó sí ìlà kẹta. Bó ṣe rí mi, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

"Ẹ kú ìjókòó," mo ní. "Mùjídátù Abórìṣàdé ni mí, ọmọ Ọ̀tà. Ẹ̀kọ ni mò ń tà. Ohun tí ẹ ti ń kà láti ọjọ́ yìí, ohun jíjẹ ni."

Ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ń mi orí, ó ní, "Ó jinlẹ̀." Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kò jinlẹ̀. Inú ìkòkò ló wà."

Wọ́n kọ ìyẹn náà.

Ọkùnrin náà dìde. Ó ní òun ni Dúrótoyè, olùkọ́ ní yunifásítì. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn ti ń jiyàn: bí a kò bá ro ẹ̀kọ́ kan dáadáa, báwo ló ṣe tún fẹ́ ní kókó? Àwọn kan ní àdììtú ni. Àwọn kan ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tó ń ka àwọn lẹ́tà náà nítorí rẹ̀. "Màmá, kí gan-an ni kókó?"

"Ohun líle tó máa ń há ọmọdé lọ́fun bí ìyá rẹ̀ bá ń wo fóònù dípò kí ó máa ro ẹ̀kọ."

Ó jókòó díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé ó ti ń yé e. Ó ṣí ìwé pélébé náà, ó kà, ó yí ojú ìwé, ó kà. "Nígbà tí mo kọ̀wé pé ó kàn mí..."

"Mo rò pé ó kan ni. Mo da odindi korobá omi ògì nù nítorí yín."

Ìyáàfin Morónfólú kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ jáde bí omi tó já páìpù, ìlà kẹta tẹ̀ lé e, ó sì yí gbọ̀ngàn ká. Àwọn kan kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó de gèlè ńlá gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, ó ń bèèrè ẹni tí yóò dá ọrẹ òun padà.

Èmi kò gbé kúlà kúrò. Èmi náà máa ń gbààwẹ̀ nínú oṣù tiwa, mo mọ ohun tí inú òfìfo ń fẹ́. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, ìgbìmọ̀ wọn gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti míípáì jáde. Mo ṣí kúlà kan ṣoṣo. Òórùn ewé gba gbọ̀ngàn. Kí n tó ṣí ìkẹta, míípáì ti di ohun tí wọ́n ń fi jẹ ẹ̀kọ. Kò ku ẹyọ kan.

Nígbà tí mò ń kó kúlà jáde, Jabez bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ gbọ́. Àwọn tó wà níbí, igba ó lé ogún péré ni. Àwọn tó ń ka lẹ́tà yín ju ẹgbẹ̀ta lọ, àwọn tó kù kò sì tíì gbọ́. Ẹ máa kọ ọ́ bó ṣe wà. Ẹ má fi àmì sí i. Ẹ kàn yọ ìsàlẹ̀ kúrò. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, ẹ ó ti ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kí ni?"

"Olùkàwé, Màmá."

"Ṣé wọ́n máa ń jẹun?"

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi délé. Jímọ̀ mẹ́ta ló kù. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún ẹgbẹ̀ta ènìyàn tí wọ́n bínú lọ, ó lè jẹ́ ọgọ́sàn-án ẹ̀kọ nìkan ni màá padà sí, olómi inú ọ̀rá yóò sì kó ike rẹ̀ wọlé. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, àmín ni màá máa lọ̀ nínú ẹ̀rọ Fàlílù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ọ́fíìsì Ìyáàfin Morónfólú, níbi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ní àmì. Mo ń pè é, ó ń tẹ̀ ẹ́:

"Ẹ̀KỌ ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe Ẹ̀KỌ́. Ohun tí à ń jẹ ni. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà Ìdírókọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kọ, mo wà ní Ìjòkó, ẹ̀yìn ẹ̀rọ Fàlílù. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ sílẹ̀ tí ẹ bá ń ro ó. Owó, ọ̀tọ̀ nìyẹn."

"Ṣé ká fi gbólóhùn kan pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn?" Ìyáàfin Morónfólú bèèrè.

"Pẹ̀tù sí kí ni? Ṣé mo lù wọ́n ni?"

Ó fi ránṣẹ́. Kí ó tó di ọ̀sán, "E yo mi kuro" ti kún fóònù mi. Àtàǹpàkò mi ni mo fi ń yọ wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dùn mí. Ẹnìkan ní ẹ̀tàn ni. Ẹnìkan ní òun rò pé ìròyìn Èkó ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti ń yà òun lẹ́nu pé wọn kò sọ̀rọ̀ afárá rí. Nínú ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló kù.

Kí oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó wọ̀, mo kó iye tí wọ́n fẹ́ jọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo sì lọ fọ báàfù kejì.

"Èjì," Bàbá Fàlílù ní, ní Jímọ̀ yẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e, "Ẹ̀ta."

Jímọ̀ tó kẹ́yìn ọdún, òjò tí a kò retí rọ̀ láti òru, ọ̀nà Ìjòkó di odò, mo sì rò pé àwọn kan yóò ní àwọn kò fẹ́ mọ́. Àgbàdo ti wà nínú omi ní tirẹ̀. Mo gbé báàfù méjèèjì síwájú ẹ̀rọ. Bàbá Fàlílù fi ọwọ́ tẹ́ orí wọn, ó tẹ̀ é wò títí dé ẹ̀gbẹ́, bíi pé ó ń wá ibi tí mo ti rẹ́ ẹ jẹ. Ó tan ẹ̀rọ. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò gbọ́ ìgbà tó wí i. Ìka mẹ́rin tó gbé sókè ni mo rí.

Fóònù mi mì lápò. Dúrótoyè, olùkọ́ yunifásítì, ló kọ̀wé. Òun náà ti kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sí i:

"Àmín. Mẹ́wàá, ti inú ewé. Èyí tí kò kan."